Igi Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onípákó

Ẹni tó bá ní Túnmiṣe ò mọ ìlú òyìnbó, kó wá bá mi ní Pearland. Ìwé mi ò kọjá praimarí kẹta, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé mi wá sí Houston nìkan ni mo sì tíì wọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní Poland tó jẹ́ pé bí ẹ bá di ojú mi tí ẹ jù mí sáàárín ẹ̀, màá rìn ín já láìkọsẹ̀. Kraków ni wọ́n ń kọ ọ́. Krákúf ni Dádì ń pè é. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ìlú náà. Ààfin ọba wọn, ọwọ́ mi ni. Ògiri tí wọ́n fi yí ìlú ká láyé ogun, ọwọ́ mi ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ pọ̀ ju ilé epo tó wà ní gbogbo Texas lọ, èmi ni mo kan òrùlé fún wọn, èmi ni mo so agogo kọ́ wọn lọ́rùn.

Èyí tó ga jù nínú wọn ò kọjá orúnkún mi, ìyẹn náà kò yí i padà. Inú gáréèjì Dádì ni ìlú náà wà, lórí tábìlì kan tó gùn débi pé ìta ni àwọn mọ́tò ilé ń sùn.

Dádì tí mò ń wí yìí, Adégbóyèga lorúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìjọba rán wọn lọ sí Krákúf láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n kọ́ níbẹ̀, bí òkúta ṣe ń fèjìká ti òkúta tí kò ní wó fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà méje. Ìgbà tí wọ́n wá dé Amẹ́ríkà, Baytown ni wọ́n ti ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Táǹkì epo ni wọ́n ń yà níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

"Túnmiṣe," wọ́n á ní, "àwọn kan fi gbogbo ayé wọn kọ́ ilé Ọlọ́run. Èmi fi tèmi ya agolo."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú wọn ti ń lọ. Doyinsọ́lá, ọmọ wọn tó jẹ́ dọ́kítà ní Medical Center, ní àìsàn ìdílé ni, torí òun ló fọ́ bàbá tó bí Dádì lójú. Ìka ni Dádì fi ń ríran báyìí. Àwọn ló mọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe rí, èmi ni mo ní ojú àti ọ̀bẹ. Èmi náà kì í sì ṣe káfíńtà kékeré. Ní Ìkìrun, mo kan bẹ́ẹ̀dì kan fún ọba kan, bí Kábíyèsí ṣe sùn lé e báyìí, oorun náà dùn débi pé wọn ò jí. Àwọn afọbajẹ ti ń ṣèpàdé kí Kábíyèsí tó yíra padà.

Dádì á gbọ́ irú ìyẹn, wọ́n á ní, "Ó dáa. Fún mi ní igi ọwọ́ ẹ."

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wọn tó ní ilé gogoro méjì lórí, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Dádì ní ìtàn wọn ni pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n rí i pé ti àbúrò òun fẹ́ ga ju tòun lọ, ó bá fọ̀bẹ gún un. Ọ̀bẹ náà ṣì wà lára ògiri ọjà tí wọ́n so ó kọ́. Mo gbẹ́ ọ̀bẹ yẹn fún wọn, ó kéré débi pé ẹ̀fọn lè fi gé èékánná. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà ní igun ọjà kan náà, ó ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ga bò ó lẹ́sẹ̀, èèyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀.

Lórí ilé gogoro tó ga yẹn, ọkùnrin kan máa ń fọn kàkàkí ní wákàtí wákàtí. Bó bá fọn ún débì kan, á dá orin náà dúró gbì. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọfà ọ̀tá ti bá ẹni tó ń fọn ún lọ́fun, wọn ò sì parí orin náà mọ́ látìgbà yẹn. Dádì máa ń fi ẹnu fọn ọ́n bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dé ibi ọfà, wọ́n á dákẹ́. Nígbà míì, ariwo abọ́ tí Mọ́mì, ìyàwó wọn, ń fọ̀ nínú ilé á dákẹ́ pẹ̀lú wọn.

Apá kan tábìlì náà wà lẹ́yìn odò, òfìfo ni. Mo ti bẹ Dádì títí kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ nǹkan síbẹ̀, kódà kó jẹ́ ilé adìẹ.

"Oko ni ibẹ̀," wọ́n á ní. "Fi sílẹ̀."

Mọ́mì ló sọ ọ̀rọ̀ ilé yìí fún mi. Ọláṣùmbọ̀ lorúkọ wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gbóhùn sókè. Ọjọ́ náà, à ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì, mo ń sọ bí mo ṣe gbé Doyin níyàwó lójú àlá tí òun náà gbà. Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Doyin kọ́ làkọ́bí mi."

Olúwatọ́mi lorúkọ àkọ́bí. Krákúf ni wọ́n bí i sí. Ó ti ń rìn, ó ti ń pe agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní "gọ-gọ-gọ", ó máa ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí ojú fèrèsé bí agogo bá ti ń dún. Nígbà òtútù, ibà kọ lù ú. Ọsibítù gbà á, wọn ò rí i gbà lọ́wọ́ ikú.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé wa. Òbí kì í sin ọmọ ẹ̀. Òbí kì í tẹ̀lé wọn débẹ̀, kì í bèèrè ibẹ̀, wọn kì í sì sọ ọ́ létí ẹ̀. Àwọn àgbà ní òbí tó bá mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀, ilẹ̀ náà á mọ ojú tiẹ̀, á sì ní kó tún mú òmíràn wá. Ọ̀rẹ́ ló ń sìnkú ọmọ, ọ̀rẹ́ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mì. Ní Krákúf, ọmọ ilé wa ò pọ̀. Dádì ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́ta náà ló gbé Tọ́mi jáde. Méjì ti kú. Ẹnì kan ló kù, Bàbá Olúdọ̀tun, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Greenspoint torí pé apartment wọn ò kúrò níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé Houston.

"Ó ti jẹun nílé yìí àìmọye ìgbà," Mọ́mì wí. "Bí mo bá ń bu oúnjẹ fún un, màá máa wo ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló gbé e kẹ́yìn. Ọwọ́ yẹn mọ ibi tó wà, ó sì ń jẹ iyán mi, èmi ò gbọdọ̀ bèèrè."

"Ẹ bèèrè lọ́wọ́ Dádì."

"Mo ti bèèrè rí. Bàbá Doyin ní bí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, Doyin ni mo fẹ́ pa."

Bàbá Greenspoint fúnra wọn, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Kò sí ẹni tó ń bú mi dáadáa bí wọn. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á ti máa pariwo, "Túnmiṣe opùrọ́, èwo lo sè lónìí?"

"Irọ́ kọ́, Bàbá. Òótọ́ tó sanra ni."

"Ó sanra débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n á jókòó ti Dádì ní gáréèjì, àwọn méjèèjì á máa jà lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí á ní agogo ààfin ló wúwo jù, tọ̀hún á ní ta ni kò mọ̀. Èyí á ní fèrèsé báyìí pupa ni, tọ̀hún á ní ojú ẹ ló pupa, ọtí lo mu. Gbogbo ìlú náà ni wọ́n ń rìn pẹ̀lú ẹnu. Wọn ò kọjá odò rí.

Ìgbà tó yá, Bàbá Greenspoint ò wá mọ́. Jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Àwọn dọ́kítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé kí wọ́n lọ jẹ ohun tó bá wù wọ́n. Mọ́mì se ọbẹ̀ ẹja, wọ́n dì í sínú abọ́ oníderí, wọ́n fi aṣọ wé e. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fi í sílẹ̀.

"Bí Dọ̀tun bá lọ," wọ́n ní, "ọmọ mi máa sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣì mọ ibi tó wà."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkúta rí tí òkúta fi sunkún."

"Èmi ò rán ọ níṣẹ́ kankan o," wọ́n ní. "Ọbẹ̀ ni mo fi rán ọ." Wọ́n wá fi abọ́ náà sílẹ̀.

Láti Pearland dé Greenspoint, gbogbo Houston lẹ máa là kọjá. Mo ń fi ẹnu dán an wò lójú ọ̀nà bí mo ṣe máa bèèrè ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn lẹ́nu mi nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Evelyn, obìnrin tó ń tọ́jú wọn, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá Greenspoint wà lórí àga gbọọrọ lójú fèrèsé. Wọ́n ti gbẹ. Aṣọ ló wọ̀ wọ́n, wọn ò wọ aṣọ.

"Túnmiṣe opùrọ́."

"Bàbá mi."

"Freeway ńkọ́?"

"Ó dí gan-an, Bàbá. Mo bá ọkùnrin kan lórí ẹ̀, ó ti gbin ilá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹ̀. Ìgbà tí mo kọjá, ó ń ká a."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn wọ́n níkùn, wọ́n dì í mú. Mo bu ọbẹ̀ sí ṣíbí, wọ́n tọ́ ọ wò, ó tó.

"Ta ló rán ọ?"

"Ọbẹ̀ ni wọ́n fi rán mi."

"Ọbẹ̀ nìkan?"

Èmi tí mo ń bá òkúta sọ̀rọ̀, ẹnu mi gbẹ. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ kékeré ni, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó kéré bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ni Mọ́mì máa ń wò bí ẹ bá ń jẹun."

Evelyn gbé omi wá, ó tún jáde. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Mo mọ̀. O rò pé mi ò mọ̀? Èmi náà, iyán yẹn kì í lọ lọ́fun mi." Wọ́n fa aṣọ bora. "Sún mọ́ mi. Ṣé o mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ ni màá sọ ọ́ fún?"

"Torí pé mo gbọ́n, Bàbá."

"Torí pé opùrọ́ ni ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn gidi, á rìn dé etí òbí ọmọ náà, á sì jẹ́ òótọ́ nígbà tó bá débẹ̀. Mo ṣèlérí fún bàbá ọmọ náà pé òótọ́ yẹn ò ní dé etí wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ, ohun tó bá ti gba ẹnu tìẹ jáde, kò sẹ́ni tó máa pè é ní òótọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà máa wà láyé, kó má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yé ọ?"

Wọ́n ti ń pè mí ní opùrọ́ tipẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ló wúwo.

Wọ́n sọ ọ́. Àwọn ò mọ ibi tí wọ́n ń sin ọmọ àlejò sí, wọ́n ní, àwọn náà ọmọdé ni. Obìnrin abúlé kan wà tó ń gbé wàrà wá sí ìgboro lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ọwọ́ ẹ̀ ni Mọ́mì ti ń ra ti Tọ́mi. Òun ló sunkún tó ní kí àwọn máa bọ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà sáàárín agolo wàrà. Wọ́n kọjá gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá tí orí wọn kan ọ̀run, wọ́n kọjá odò, títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi pákó kọ́. Pákó pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n fi bo òrùlé ẹ̀, wọ́n tò ó bí ìpẹ́ ẹja, òrùlé náà sì wá sílẹ̀ gan-an.

"Ó dà bí adìẹ tó sàba," wọ́n ní. "Bí mo ṣe rí i, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ibí yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ."

Ilẹ̀ ti di irin nítorí òtútù. Wọ́n dáná lé e kó tó gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Àlùfáà arúgbó kan jáde wá, kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ó lu agogo. Wọ́n ti fi aṣọ wé ọmọ náà, ọ̀kan nínú ìró Mọ́mì, aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ funfun lára. Bàbá Greenspoint ló mú un lórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, torí ó yẹ kí nǹkan ìyá wà lára ọmọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, lẹ́bàá igi kan.

"Ó tán," wọ́n ní. "Máa lọ. Bá mi kí i pé ọbẹ̀ náà dùn."

Nígbà tí mo délé, Mọ́mì ń gé àlùbọ́sà. Mo kí wọn, mo jíṣẹ́ ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó ṣe mí bí ẹni tó ń rìn níhòòhò. Mọ́mì ò dáwọ́ dúró, ọ̀bẹ ń lọ jẹ́jẹ́, títí mo fi dé ibi ìró.

"Ìró wo?"

"Aláwọ̀ ewé, Mọ́mì. Ó ní ẹyẹ funfun."

Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo ti rò pé aládùúgbò wa kan ló jí i," wọ́n ní. "Mi ò kí obìnrin náà mọ́ títí a fi kúrò nílùú." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, àlùbọ́sà tún kó sí i. "Irọ́ lo ń pa, Túnmiṣe."

Mo fẹ́ búra. Wọ́n na ọwọ́ tó ń run òórùn àlùbọ́sà yẹn, wọ́n fi bò mí lẹ́nu.

"Mo ní irọ́ ni. Èmi ò gbọ́ òótọ́ kankan láti ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó yé ọ?" Wọ́n mú ọwọ́ kúrò. "Pa á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ibi agolo wàrà."

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí Bàbá Greenspoint fi kú. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, irú òjò Houston tí Ọlọ́run máa ń ṣí tó máa gbàgbé láti tì. Dádì ní kí n mú ọwọ́ àwọn kan iyẹ̀pẹ̀ náà. Mo mú un kàn án.

"Ṣé igi wà nítòsí?"

"Ọ̀kan wà, Dádì."

"Ó dáa," wọ́n ní.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Dádì ò fi ẹnu fọn kàkàkí mọ́. Wọ́n á jókòó ti tábìlì, wọ́n á fi ìka rin ìgboro, kò sí ẹni tí wọ́n máa bá jiyàn. Mo gbìyànjú. Mo ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan wúwo ju Baytown lọ. Wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe."

Orógùn Mọ́mì kan ti kán, mo mú un. Mo fi gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì onípákó náà. Mo fi orí ọ̀bẹ ya ìpẹ́ ẹja sí òrùlé ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kó wá sílẹ̀ bí adìẹ tó sàba. Mọ́mì rí mi níbi tí mo ti ń gbẹ́ ẹ, wọn ò bèèrè ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n kàn gbá èérún igi ẹsẹ̀ mi jọ, wọn ò dà á nù.

Mi ò gbójú láti gbé e sí ẹ̀yìn odò. Àárín ìgboro ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́mì gbé tíì wá sí gáréèjì. Dádì ń fi ọwọ́ rin ìlú wọn lọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, láti ààfin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ọjà. Ìka wọn kọ lu nǹkan.

"Túnmiṣe, kí lèyí?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, Dádì."

"Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ta ló ní kó wà níbí?"

"Èmi ni. Mo fi orí ara mi rò ó."

"Orí tó fi iyọ̀ sí tíì mi lánàá ló ro èyí?" Ìka wọn gun òrùlé náà, ó ń ka ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lọ dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè.

Mọ́mì ń da tíì sí ife. "Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn ẹ̀, Bàbá Doyin. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Irọ́ ò pa èèyàn."

Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ̀rù bá sì bà mí, ẹnu mi kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, bí wọ́n bá lu agogo ẹ̀, ẹja inú omi Galveston á fi lẹbẹ́ dí etí. Mo ní irùngbọ̀n àlùfáà ibẹ̀ gùn débi pé òun ni wọ́n fi ń gbálẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó òrùlé ẹ̀, ìgbà tó fi máa parí, ó ti di bàbá arúgbó. Dádì ò rẹ́rìn-ín, Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Mo tún sáré sí i.

"Igi kan wà lẹ́yìn ẹ̀," mo ní. "Hẹ̀ẹ̀, igi yẹn ga. Ẹ wo àwọn ilé gogoro downtown yẹn, wọn ò dé orúnkún ẹ̀. Ẹyẹ tó bá gbéra ní ìdí ẹ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló tó máa dé orí ẹ̀."

"Kò ga tó bẹ́ẹ̀," Dádì wí.

"Dádì, ó ga ju..."

"Mo ní kò ga tó bẹ́ẹ̀. Igi kékeré ni. Kò ju èjìká mi lọ. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọ̀pá kan kí afẹ́fẹ́ má baà ṣẹ́ ẹ."

Tíì kún ife, Mọ́mì ṣì ń dà á. Ó ṣàn wọ ọjà Krákúf, ó ń wọnú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí ilẹ̀ ti bò lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó nù ún nínú wa.

"Ta ló sọ fún yín?" Mọ́mì bèèrè.

Dádì ò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí òrùlé náà. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo tẹ̀lé wọn."

"Ẹ tẹ̀lé wọn."

"Wọ́n ní kí n jókòó tì ọ́. Oorun gbé ọ lọ. Ojú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn wà nínú yìnyín, mo ń tọ̀ ọ́ lọ títí mo fi kọjá odò. Mi ò wọ inú ọgbà. Ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí. Mo kọ́kọ́ rí iná, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dáná fún. Lẹ́yìn náà mo rí Dọ̀tun tó gbé e. Mo rí ìró ẹ."

Mọ́mì gbé ìkòkò tíì kalẹ̀ sórí ilẹ̀. "Gbogbo ọdún yìí. Mo bi yín, ẹ ní Doyin ni mo fẹ́ pa. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa wo ọwọ́ ọlọ́wọ́."

"Ojú tó rí i ló ń lọ yìí," Dádì wí. "Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ ojú mi nìkan ni ilẹ̀ yẹn máa gbà, kó gbà á. Mi ò fẹ́ kó wá gba tìẹ. Mi ò fẹ́ kó débi Doyin. Mo dákẹ́, Ìyá Tọ́mi. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn."

Látìgbà tí mo ti dé ilé náà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Mọ́mì bẹ́ẹ̀ rí. Ó jọ pé àwọn náà ò gbọ́ ọ tipẹ́, torí wọ́n wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé obìnrin míì ló wọlé. Wọ́n wá di etí tábìlì mú, wọ́n jókòó.

"Bàbá yín fọ́jú," wọ́n ní. Ohùn wọn ò le. "Ojú oórì ọmọ ta ni bàbá yín rí? Ẹ gbé ẹjọ́ ojú yín kúrò lọ́rùn ọmọ mi. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bínú."

Dádì sunkún. Mi ò rí àgbàlagbà kan tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, láìgbọ́ ohùn, bí òrùlé tó ń jò lẹ́yìn òjò. Mọ́mì ò sunkún. Wọ́n na ìka kan síwájú Dádì.

"Ẹ mú mi débẹ̀."

Dádì gbé ṣọ́ọ̀ṣì náà kúrò láàárín ìgboro. Wọn ò ṣèṣì rárá. Wọ́n gbé e kọjá ọjà, wọ́n gbé e kọjá ẹsẹ̀ ààfin, wọ́n gbé e kọjá odò, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n ń pè ní oko, wọ́n yí i díẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè kọ síbi tó yẹ. Wọ́n wá mú ìka Mọ́mì, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ẹ̀.

"Ibí."

Ìka méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Mo ti nu tíì tán, mo ti ká aṣọ tí mo fi nù ún, wọn ò tíì gbé e kúrò.

"Túnmiṣe," Dádì wí.

"Dádì."

"Bá mi gbẹ́ igi kan. Kékeré ni. Má fi nǹkan kan kún un."

Mọ́mì lọ mú èérún orógùn yẹn wá láti ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Mo ṣa èyí tó tọ́ nínú ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti so igi yẹn mọ́ ọ̀pá. Níbi tó wà báyìí, bí wọn ò bá gé e, ó ṣeé ṣe kó ti ga bí mo ṣe wí. Ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo gbẹ́ ẹ kéré bí igi ìṣáná, mo fi òwú so ó mọ́ ọ̀pá, mo sì gbé e lé Dádì lọ́wọ́.